Ta Ló Sọ Ọ́ fún Ọ? Àríwísí lórí Bí A Ṣe Ń Kọ́ Àwọn Aṣèwádìí ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìfáárà

Gbogbo àwa tí a ti bá àjọ WAEC máàkì ìwé ìdánwò Yorùbá rí ni a mọ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ kí a tó pín ìdì ìwé fún ẹnikẹ́ni. A ó jókòó sínú yàrá kan; wọn yóò fún gbogbo wa ní ẹ̀dà ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan náà; olúkúlùkù yóò máàkì tirẹ̀ láìwo ti ẹnìkejì; lẹ́yìn náà ni ọ̀gá olùdánwò yóò wá béèrè iye tí oníkálùkù fún un. Bí ẹnì kan bá fún un ní 14, tí ẹlòmíràn fún un ní 9, a kì í kàn pín in sí méjì kí a sì máa lọ. A ó béèrè ohun tí ẹni 14 rí tí ẹni 9 kò rí. Nígbà mìíràn, ìlànà ìmáàkì gan-an ni kò yéni tó, a ó sì tún un ṣe. Ìdí tí a fi ń ṣe èyí kò ju pé a mọ̀ pé ojú kan ṣoṣo kò tó gbẹ́kẹ̀ lé lórí ohun tí ó kan ọjọ́ iwájú ọmọ ọlọ́mọ.

Ohun tí ó ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé àwa yìí kan náà, nígbà tí a bá di alábòójútó iṣẹ́ ìwádìí ní yunifásítì tàbí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, a máa ń gba ohun tí etí kan ṣoṣo gbọ́ láìbi í léèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́jọ́ Sátidé, yóò gbé oríkì ojú ewé mẹ́fà dé lọ́jọ́ Ajé, yóò kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé "àgbàlagbà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni ó sọ ọ́ fún mi", a ó sì fọwọ́ sí i. Kò sí ẹni tí ó lè padà tọ ipa ọ̀nà tí ó tọ̀. Àríwísí tí mo fẹ́ ṣe níhìn-ín kò dá lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ó dá lórí àwa tí a kọ́ wọn, ní pàtàkì lórí ohun tí àwa olùdánwò ń fi máàkì yìn. Èrò mi ni pé a kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́ ìwádìí bí kò bá lè fi ọ̀nà tí ó gbà dé ibi tí ó dé han ẹlòmíràn, débi pé ẹni náà yóò lè tọ̀ ọ́, kí ó sì wò bóyá ibẹ̀ náà ni òun yóò dé.

Àpilẹ̀kọ mẹ́ta, àṣìṣe kan

Nígbà kan, mo jẹ́ olùdánwò láti ìta fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí n kò ní dárúkọ. Láàárín ọdún mẹ́rin, mo ka àpilẹ̀kọ àṣekágbá mẹ́ta lórí orin Ẹ̀yọ̀ àti oríkì àwọn ìgá Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo fún àkọ́kọ́ ní máàkì tí ó ga jù lọ́dún náà. Èdè rẹ̀ dán. Kò sí ibi tí ó ti kọsẹ̀. Gbogbo ìlà orin ni ó pé pérépéré. Nígbà tí mo ń ka ẹ̀kẹta ni mo rí ọ̀rọ̀ kan láàárín ìlà tí wọ́n fi àmì ìsopọ̀ là sí méjì láìnídìí. Mo rò pé àṣìṣe atẹ̀wé lásán ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo ti rí i rí. Mo lọ tú èkejì àti àkọ́kọ́ jáde: ọ̀rọ̀ kan náà, ìlà kan náà, àmì ìsopọ̀ kan náà. Ó wá hàn gbangba pé nínú ìwé kan tí a ti tẹ̀ ṣáájú, òpin ìlà ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí, tí atẹ̀wé fi là á. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dà á kọ tàmì-tàmì. Ẹnu ènìyàn kì í fi àmì ìsopọ̀ la ọ̀rọ̀. Síbẹ̀, orúkọ abẹ́nà ìmọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó wà lẹ́yìn àpilẹ̀kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo wá ọ̀kan nínú àwọn abẹ́nà ìmọ̀ náà lọ. N kò lọ láti wá ẹ̀sùn sí ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ ni. Àgbàlagbà náà gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ọmọ kan wá sọ́dọ̀ yín lọ́dún tó kọjá nítorí oríkì." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, ọmọ yín kò wá gba oríkì lẹ́nu mi o. Ìwé ló mú wá. Ó ń kà á fún mi, ó ń bi mí pé ṣé bó ṣe rí nìyẹn. Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ kí mi, tó pọ́n mi lé, ṣé kí n wá ní kò rí bẹ́ẹ̀ ni?"

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ bàbá yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò purọ́ pátápátá. Ó lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó lóòótọ́, ó jókòó ti àgbà lóòótọ́, àgbà náà sì fọwọ́ sí ohun tí ó kà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó gbé ìdáhùn dání ni ó bi í, ọmọlúàbí sì kì í já ọmọ tí ó wá kí i kulẹ̀. Bí a bá ti ní kí ó kọ ìbéèrè rẹ̀ gan-an sínú iṣẹ́ náà, bí ó ti bi í àti bí wọ́n ti dá a lóhùn, kíkà ìṣẹ́jú kan péré ni ìbá tú àṣírí náà. A kò ní kí ó kọ ọ́. Kò sì sí ẹni tí ó bi í.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ti akẹ́kọ̀ọ́ kẹrin. Lọ́dún kan náà tí mo fún àkọ́kọ́ ní máàkì gíga yẹn, ọmọbìnrin kan mú àpilẹ̀kọ wá tí ó kún fún ihò. Ó kọ ọ́ sí ojú ewé kan pé ọkọ̀ ń fun fèrè ní Ìdúmọ̀tà, òun kò gbọ́ ìlà méjì. Ó kọ ọ́ pé abẹ́nà ìmọ̀ òun pe orúkọ baba ńlá kan ní ọ̀nà méjì láàárín wákàtí kan, òun kò sì mọ èyí tí ó tọ̀nà. Ó kọ ọ́ pé kí òun tó lọ, òun ti rò pé ìdí orúkọ náà yóò já sí Ìbíní, ṣùgbọ́n àwọn tí òun bi léèrè ní ti Àwórì ni. Mo yọ máàkì lára rẹ̀. Mo fi bírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀ pé "iṣẹ́ kò parí". Ẹ wo ohun tí mo ṣe: mo fi máàkì yin ẹni tí ó fi ọ̀nà rẹ̀ pamọ́, mo sì fìyà jẹ ẹni tí ó fi tirẹ̀ hàn. Kò yẹ kí ó yà mí lẹ́nu pé èkejì àti ẹ̀kẹta tẹ̀lé àkọ́kọ́.

Kí ni a fẹ́ kí ó ṣeé tún ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwa onímọ̀ Yorùbá nìkan. Ní 2015, ẹgbẹ́ àwọn aṣèwádìí kan gbé àbájáde iṣẹ́ ńlá kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science ní Amẹ́ríkà. Wọ́n mú iṣẹ́ 100 tí a ti tẹ̀ jáde lórí ìrònú àti ìwà ọmọ ènìyàn, wọ́n sì tún wọn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú iṣẹ́ 100 náà, 97 ni ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ohun tí àwọn rí múlẹ̀. Nígbà tí a tún wọn ṣe, nǹkan bí 36 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni ó tún múlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí kò fi hàn pé òpùrọ́ ni àwọn tó kù. Lára ohun tí àwọn onímọ̀ tọ́ka sí ni pé aṣèwádìí lè wá ohun púpọ̀ kí ó sì kọ kìkì èyí tí ó bá èrò rẹ̀ mu, tàbí kí ó yí ìbéèrè padà lẹ́yìn tí ó ti rí ìdáhùn. Nítorí náà, ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní òkè òkun, wọ́n ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ó kọ ohun tí ó ń wá àti bí yóò ṣe wá a sílẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó fi ọjọ́ sí i, kí ó sì gbé e síbi tí òun fúnra rẹ̀ kò ti ní lè yí i padà mọ́.

Àwọn kan nínú wa yóò sọ pé ti àwọn oníṣẹ́ sáyẹ́ǹsì nìyẹn, pé orin kì í ṣe omi tí a ń sè lórí iná tí yóò hó bákan náà lójoojúmọ́. Òdodo ni wọ́n sọ. Bí akígbe-oríkì kan náà bá ki ìdílé kan náà lónìí àti lọ́la, kò ní ki í bákan náà, ẹwà lítíréṣọ̀ alohùn sì ni ìyẹn. Ẹni tí ó bá wá fi àìbáramu yẹn ṣe ẹ̀rí pé ọ̀kan nínú méjèèjì kì í ṣe òtítọ́, kò mọ ohun tí ó ń wádìí. Ṣùgbọ́n àìyé kan wà nínú àtakò yìí. A kò ní kí orin ṣeé tún ṣe. Iṣẹ́ tí aṣèwádìí fi orin ṣe ni ó gbọ́dọ̀ ṣeé tún ṣe. Bí mo bá gbé fọ́nrán kan náà fún ẹ, ó yẹ kí ìwọ náà lè gbọ́ ohun tí mo kọ sórí ìwé, tàbí kí a lè jọ nàka sí ibi tí etí wa ti yàtọ̀. Bí mo bá sọ pé àwítúnwí ni ó gbé orin náà ró, ó yẹ kí o lè ka àwítúnwí náà láti inú ohun tí mo tẹ̀, kí o má jẹ́ pé èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ mi mu nìkan ni mo tẹ̀. Bí mo bá sì ní bàbá kan ló sọ ọ́, ó yẹ kí o mọ irú bàbá wo ni, ibi tí a jókòó sí, àwọn tí ó wà níbẹ̀ tí ó ń gbọ́, àti ohun tí mo bi í.

Àpẹẹrẹ ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí èyí kò bá sí kò jìnnà sí wa, ó wà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níhìn-ín. Ní 1948, Marcel Griaule, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé jáde lórí ohun tí àgbàlagbà Dogon kan, Ogotemmêli, sọ fún un nípa ìṣẹ̀dá ayé. Ìwé náà kárí ayé. Ní 1991, Walter van Beek, tí ó ti gbé láàárín àwọn Dogon fún ọdún púpọ̀, kọ ọ́ pé òun kò rí ọ̀pọ̀ nínú ìmọ̀ tí Griaule kọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Dogon tí òun bá sọ̀rọ̀. Àwọn kan gbèjà Griaule, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Geneviève Calame-Griaule, sì wà lára wọn. Kò sí ẹni tí ó lè parí ìjà náà tán, nítorí kò sí ohùn Ogotemmêli tí a lè tún gbọ́. Òun, Griaule àti ògbufọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà láàárín wọn. Bóyá òtítọ́ ni ó kọ; ohun tí ó bani nínú jẹ́ ni pé òtítọ́ náà, bí ó bá jẹ́ òtítọ́, kò lè gbèjà ara rẹ̀.

Àwọn ìwé tí a gbé ara lé

Kí a padà sí Èkó. Nínú gbogbo ìwé ìtàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń fà yọ, Johnson ni baba. Ó dùn mọ́ mi láti sọ pé ní ti fífi ọ̀nà hàn, ó sàn ju ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a kẹ́kọ̀ọ́ gboyè lọ. Nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀, Samuel Johnson dárúkọ àwọn tí ó bi léèrè: Josiah Oni, David Kukomi ti Ìbàdàn, àti Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, ó sì jẹ́wọ́ pé lẹ́nu àwọn arọ́kin Aláàfin ni ìtàn àtètèkọ́ṣe ti wá. Ibi tí ó kù sí ni pé inú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ni orúkọ wọn pọ̀ sí. Bí o bá dé inú ìwé, o kò ní mọ èyí tí Kukomi sọ àti èyí tí Lágúnjú sọ.

Ìtàn ìwé náà tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ fún aṣèwádìí ju ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lọ. Ní 1899, wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù. Samuel kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tí ó ń ṣiṣẹ́ ìṣègùn ní Èkó, ni ó fi àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù tún un kọ. Ní 1916, ọkọ̀ ojú omi Appam tí ó gbé èkejì lọ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ìgbà tí ìwé náà máa fi jáde ní 1921, Obadiah náà ti kú ní 1920. Báwo ni a ṣe mọ gbogbo èyí? Obadiah ni ó kọ ìtàn ìwé náà síwájú rẹ̀ fún wa. Ó lè dákẹ́ kí gbogbo ayé máa rò pé ọwọ́ Samuel nìkan ni. Kò dákẹ́. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá fa Johnson yọ lónìí mọ̀, tàbí ó yẹ kí ó mọ̀, pé ọwọ́ méjì ni ó wà nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ wá fi èyí wé ti Jacob Egharevba ti Ìbíní. Ìwé rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1934, inú rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń mú ìtàn bí Ọba Orhogbua ti pàgọ́ sí Èkó. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí àwọn òpìtàn fi ẹ̀dà ìwé náà wé ara wọn ní àwọn ọdún 1990, wọ́n rí i pé àwọn ìtàn kan yí padà láti ẹ̀dà kan sí èkejì. Kò sí ohun tó burú nínú kí òǹkọ̀wé tún èrò rẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ "Egharevba sọ pé" láìsọ ẹ̀dà wo, àwa náà sì máàkì rẹ̀ láìbéèrè.

Ìwé ìtàn Èkó tí John Losi kọ wà nílẹ̀ láti 1914. Ọmọ tí ó kà á ní kékeré ti di bàbá, bàbá náà ti di baba ńlá. Bí aṣèwádìí bá lọ gba ìtàn Ìsàlẹ̀ Èkó sílẹ̀ lẹ́nu àgbà lónìí, ó lè jẹ́ Losi ni ó ń gbọ́, kí ó sì máa wá fi ohun tí ó gbọ́ jẹ́rìí sí Losi. David Henige kọ nípa irú nǹkan báyìí ní 1973, lórí bí ohun tí a ti tẹ̀ ṣe ń padà sẹ́nu àwọn ará etíkun Fante ní Ghánà. Ìdí nìyí tí "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀wé? Ìwé wo lẹ ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí?" fi yẹ kí ó wà lára ìbéèrè àkọ́kọ́. N kò rí i rí nínú àpilẹ̀kọ akẹ́kọ̀ọ́ kankan.

Tàbí kí a mú ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó sọ pé ogúnjọ́ oṣù kejì 1854 ni Ẹ̀yọ̀ kọ́kọ́ jáde ní Èkó, láti fi ṣẹ̀yẹ fún Ọba Akítóyè tí ó wàjà ní 1853. Ọjọ́ náà bá ìtàn mu. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àpilẹ̀kọ tí mo ti rí i, ẹnikẹ́ni kò sọ ìwé tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́. Ní ọdún yẹn, Benjamin Campbell tí ó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà ní Èkó, ó ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sílé. Àwọn míṣọ́nnárì CMS wà níbẹ̀, wọ́n ń kọ ìwé ìròyìn ojoojúmọ́. Ẹ̀yọ̀ kì í ṣe ohun tí ojú máa fò dá. Bí wọ́n bá kọ nípa rẹ̀, a ó rí i. Bí wọn kò bá kọ, ìyẹn náà jẹ́ ìmọ̀. Ṣùgbọ́n a ti kọ́ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n da ọjọ́ kọ, a kò kọ́ wọn pé kí wọ́n lọ wò.

N kò lè fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Èmi fúnra mi ti tẹ oríkì kan jáde rí tí mo fi ẹnu ènìyàn mẹ́ta pa pọ̀, tí mo yan ìlà tí ó dùn jù lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí n kò sì sọ fún òǹkàwé. Ó dùn ún kà. Kò sí ẹni tí ó ki í bẹ́ẹ̀ rí láyé. Wọ́n sì ti ń fi kọ́ ọmọ ní kíláàsì.

Ìgá kì í ṣe ààfin lásán

Ọ̀nà mìíràn wà tí a fi ń pa ẹ̀rí run láìmọ̀, òun ni àdàkọ. Láti ìgbà àpérò tí a ṣe ní Èkó ní 1875 títí dé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, a ti ja ìjà rere kí Yorùbá lè ní ìlànà ìkọ̀wé kan. N kò kọminú sí i. Ṣùgbọ́n àkọtọ́ jẹ́ ìlànà bí a ṣe ń kọ ohun tí a gbọ́. Kò ní kí a pààrọ̀ ohun tí a gbọ́. Abẹ́nà ìmọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó sọ pé "ìgá"; akẹ́kọ̀ọ́ kọ "ààfin", nítorí ó rò pé alábòójútó òun yóò kà á sí àṣìṣe. Ìgá sì ni Ìgá Ìdúngànràn ń jẹ́, èyí tí àwọn òǹkọ̀wé sọ pé orí ilẹ̀ oko ata Arómirẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ìgá ni ibùgbé àwọn ìjòyè onífìlà funfun pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fẹ́ wádìí ohun tí ó pa Èkó, Àwórì àti Ìbíní pọ̀, irú ọ̀rọ̀ báyìí ni ẹ̀rí rẹ̀: ìgá, àti "ìdú" tí ó bẹ̀rẹ̀ Ìdúmọ̀tà àti Ìdúmàgbò. Akẹ́kọ̀ọ́ ti fi Yorùbá àjùmọ̀lò nù ún kúrò kí òun tó débẹ̀.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí ó gbọ́ bí ó ti gbọ́ ọ. Bí ó bá fẹ́ yí i sí èdè àjùmọ̀lò nítorí àwọn ọmọ kíláàsì, kí ó ṣe é lọ́tọ̀, kí ó sì sọ ohun tí ó yí padà. Ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá, tí ó jáde ní 1966, tẹ ìjálá lédè Yorùbá pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ìtumọ̀ kan kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, Yorùbá rẹ̀ wà níbẹ̀ tí o lè fi bá a jiyàn. Ohun tí mo ń béèrè kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé ẹjọ́ ti ṣáájú wa

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lásán ni èyí, kí ó rántí ti Èṣùgbàyí. Ní 1925, ìjọba amúnisìn rọ Èṣùgbàyí, Ọba Èkó, lóyè, wọ́n sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Lára ohun tí wọ́n fi gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ ni pé àṣà ìbílẹ̀ ní kí ọba tí a bá rọ̀ lóyè kúrò nílùú. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Ẹjọ́ náà dé iwájú àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1931, wọ́n dá a pé ilé ẹjọ́ fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ wádìí bóyá irú àṣà bẹ́ẹ̀ wà. Kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ ìjọba gbọ́ nítorí pé ìjọba ni ó sọ ọ́. Lọ́dún 1931 yẹn náà ni Èṣùgbàyí padà sí Èkó. Ó wàjà ní 1932. Òmìnira ènìyàn kan ni ó rọ̀ mọ́ gbólóhùn "àṣà Èkó ni", ọdún mẹ́fà sì ni ó gbà kí a tó béèrè ẹ̀rí rẹ̀ bí ó ti yẹ.

Ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìyẹn, ní 1921, àwọn adájọ́ kan náà dá ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá fún Olóyè Ọlúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdéjọ, ẹni tí Herbert Macaulay bá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Èkó jèrè nínú ìdájọ́ náà, n kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ Adájọ́ Àgbà Rayner yọ, èyí tí ó kọ ní 1898, pé kí ẹnì kan dá ní ilẹ̀ ṣàjèjì sí èrò àwọn aláwọ̀ dúdú. Láti ìgbà náà, ìwé ń da gbólóhùn yìí kọ láti ara ìwé. Ẹ ka àpilẹ̀kọ àwọn ọmọ wa lórí àṣà ilẹ̀ níní, ẹ ó bá a níbẹ̀ bí òwe tí àwọn baba ńlá wa pa. Gbólóhùn tí ọkùnrin kan kọ sínú ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Títí di òní, ìdílé ń bá ìdílé ṣẹjọ́ lórí oyè àti ilẹ̀ ní Erékùṣù Èkó, wọ́n sì ń gbé ìwé wá sí kóòtù. Àpilẹ̀kọ tí a fọwọ́ sí lè wà lára wọn lọ́jọ́ kan. Bí agbẹjọ́rò bá bi aṣèwádìí náà pé "ta ló sọ ọ́ fún ọ?", kí ni yóò wí?

Awo ńkọ́?

Àtakò kan wà tí ó wúwo ju gbogbo èyí lọ. Ẹ̀yọ̀ ń jó ní gbangba ìgboro, Adímú, Lábà, Oníkò, Ológẹ̀dẹ̀ àti Àgẹ́rẹ̀, gbogbo ayé ni ó ń wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ìgbàlẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ayé. Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ má fi ohunkóhun pamọ́, ṣé kì í ṣe pé a ń rán an lọ tú awo? Àwọn àgbà tí ó ń bẹ̀rù èyí kò ṣe àṣejù. Àwọn kan ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn lọ tẹ̀ láìtọrọ àyè.

Ìdáhùn mi ni pé ọ̀nà ti aṣèwádìí ni ó gbọ́dọ̀ hàn, kì í ṣe awo ti àwọn tí ó gbà á lálejò. Ó lè kọ ọ́ pé: "Níhìn-ín, wọ́n sọ ìlà mẹ́rin kan tí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ kọ, n kò sì kọ ọ́." Gbólóhùn yìí kò tú nǹkan kan, ó sì sọ òtítọ́ fún òǹkàwé pé orin náà kò pé. Ohun tí ó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni kí ó fò ó, kí ó sì so ìlà tó ṣáájú mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, kí ẹlòmíràn wá máa ṣe àtúpalẹ̀ ìsokọ́ra tí kò sí níbẹ̀. Bákan náà ni ti orúkọ. Abẹ́nà ìmọ̀ tí kò bá fẹ́ kí a dárúkọ òun, kí a fún un ní nọ́mbà, kí orúkọ rẹ̀ wà nínú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka. Èyí yàtọ̀ gédégédé sí "àgbàlagbà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó".

Ní kíláàsì

N kò ní ìlànà gígùn láti gbé kalẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ ojú ewé kan kí wọ́n tó kọjá Afárá Carter lọ sí Èkó: ohun tí mo ń wá, ohun tí mo rò pé mo máa bá, àwọn tí mo fẹ́ bi, ìbéèrè mi bí mo ṣe máa bi í. Wọn yóò fi ọjọ́ sí i, wọn yóò sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún mi. Bí wọ́n bá padà dé, a ó gbé ojú ewé yẹn ti ohun tí wọ́n bá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú máa ń tì wọ́n bí méjèèjì kò bá bára mu. Ó gba sùúrù kí ó tó yé wọn pé ibẹ̀ ni ìwádìí gan-an ti bẹ̀rẹ̀.

Mo tún máa ń mú ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti inú ohùn tí ọ̀kan gbà sílẹ̀, kí ẹlòmíràn dà á kọ láìwo ti onífọ́nrán. Orúkọ ènìyàn, orúkọ ibi àti àmì ohùn ni wọ́n ti máa ń yàtọ̀ jù. A kì í pín in sí méjì. A ó jọ tún un gbọ́, bí a ti ń ṣe lọ́dọ̀ WAEC, ibi tí a kò bá sì ti fẹnu kò, a ó kọ méjèèjì sílẹ̀. Ní ti ohùn gan-an, fóònù ti mú kí gbígbà á sílẹ̀ di ìrọ̀rùn, ó sì mú kí sísọ ọ́ nù rọrùn sí i. Nítorí náà kí ẹ̀dà kan wà ní ilé ìkàwé kí a tó gba àpilẹ̀kọ wọlé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí ó fún abẹ́nà ìmọ̀ pẹ̀lú, ìbáà ṣe obì, ọtí tàbí owó, nítorí oríkì tí a fi ẹgbẹ̀rún náírà gbà lè gùn ju èyí tí a fi ẹ kú ilé gbà lọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí yóò já sí asán bí ìlànà ìmáàkì wa bá wà bí ó ti wà. Mo bẹ ẹ̀yin olùdánwò ẹlẹgbẹ́ mi: nínú 100 tí a ń fún àpilẹ̀kọ àṣekágbá, ẹ jẹ́ kí 30 ó kéré tán wà fún ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbà, kí a sì máa fún ẹni tí ó bá kọ "n kò gbọ́ ibí yìí" ní máàkì fún un.

Mo kọ lẹ́tà sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nípa máàkì ọmọbìnrin yẹn. Wọ́n dá mi lóhùn pé ìwé ẹ̀rí ti jáde, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ ṣì wà ní ilé ìkàwé wọn, pẹ̀lú bírò pupa mi lára rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá bi mí lónìí nípa orúkọ baba ńlá tí a ń pè ní ọ̀nà méjì yẹn, ibẹ̀ ni mo ń rán wọn lọ, nítorí kò tíì sí ibòmíràn tí wọ́n ti kọ méjèèjì sílẹ̀.